Ìṣó Ẹnu Káfíńtà

Ìṣó wà láàárín ètè káfíńtà nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin gbé ìkọ́ ilẹ̀kùn àti àgádágodo tuntun kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Ilẹ̀kùn tó ń fì ló ní kó wá tún ṣe.

“Bá mi kan eléyìí mọ́ ọn. Ọmọ mi fẹ́ kó ìyàwó ẹ̀ wọ yàrá yìí.”

Bíríkìlà àgbàlagbà kan, ayálégbé ẹ̀gbọ́n, ló ń gbé inú yàrá náà. Ó ti lọ síbi iṣẹ́ láti àárọ̀, kò mọ nǹkan kan. Nínú gbogbo ọ̀rẹ́ káfíńtà, òun nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín nígbà tí káfíńtà bá ń sọ pé ẹni tó ń sùn nínú ilé ló ni ilé.

“N ò kàn án, ẹ̀gbọ́n mi. Ibo lẹ fẹ́ kí bàbá náà sùn?”

“Ọ̀gá Ìjọba ti dé! Ó dáa, ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. Bí kò bá sí onílé, ta ni yóò kọ́lé?”

Kò sẹ́ni tó bi í bẹ́ẹ̀ rí nínú ẹbí. Bàbá wọn ti lé e nídìí oúnjẹ nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ó bẹ̀rẹ̀ àlàyé, ó ń sọ̀rọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu bí ìṣe rẹ̀. Àwọn oníbàárà rẹ̀ mọ̀ ọ́n: bí o bá fẹ́ kí iṣẹ́ rẹ yá, dá ọ̀rọ̀ ìjọba sílẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kì í gbóná kí ọwọ́ rẹ̀ dúró.

“Àwọn tó po sìmẹ́ǹtì ló kọ́ ọ! Ẹnì kan ò gbọdọ̀ máa jẹun lórí oorun ẹlòmíràn!”

“Òótọ́ ni.” Ẹ̀gbọ́n di ìkọ́ náà mú kó má yẹ̀ lábẹ́ òòlù rẹ̀.

“Kí wọ́n gba gbogbo ilé lọ́wọ́ onílé!”

“Tèmi náà?”

“Tiyín náà!”

“Máa sọ ọ́ lọ, àbúrò mi.”

Omi lé ròrò sójú káfíńtà. Ẹnì kan nínú ẹbí gbọ́ ọ, lónìí.

Àgádágodo dún, ó ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n fà á wò, kò mì.

“O ṣé. Ọwọ́ ẹ ṣì dá ṣáká.” Ó wọlé lọ.

“Ẹnu dùn-ún ròfọ́” ni bàbá wọn máa ń fi bú u. Káfíńtà sáré yí òòlù padà láti fa àwọn ìṣó náà yọ. Ó ti rì wọ́n wọnú igi, bó ṣe máa ń rì wọ́n, tí ọwọ́ olè kankan kò fi ní lè fà wọ́n. Bàtà ilé bíríkìlà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú sí yàrá.

Ohùn bíríkìlà dún láti òpópónà, ó ti rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn.

“Káfíńtà wa! Ṣó o ti ń wàásù fún wọn?”

Káfíńtà la ẹnu. Ó fi ahọ́n wá ìṣó tó kù. Kò sí ìkankan.