Ọmọ Tó Fọwọ́ Òsì Gbé Tíì

Bí ilẹ̀ Sátidé bá ti ń ṣú, tí wọ́n bá ti kírun Mọ́gàríbù tán, pálọ̀ Àlàájì Àkànní ní Ìkòsí kì í gbẹsẹ̀ mọ́. Òun nìkan ló ní tẹlifíṣọ̀n ládùúgbò, kì í sì í lé ẹnikẹ́ni. Eré òyìnbó kan ni wọ́n ń wá wò, eré ayé àtijọ́, nígbà tí àwọn òyìnbó ṣì ń gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, tí aṣọ obìnrin wọn ń gbálẹ̀. Wọ́n bá baba olówó kan lókùú lórí àga, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ onífìlà gíga kan wá ń wádìí ẹni tó pa á.

Súmbọ̀, àbíkẹ́yìn Àlàájì, tó jẹ́ tíṣà ní Kétu, ló ń túmọ̀ fún wọn. Àmọ́ kí ó tó túmọ̀ tán, àwọn aráàdúgbò yìí á ti dájọ́.

"Dókítà tó ń tọ́jú olówó yẹn, jẹ́ńtùmáànì gidi ni," Ìyá Karimot, aláta tó ń gbé ní ilé kejì, a máa wí. "Ẹ ò rí i bó ṣe ń tẹrí ba fún àgbà?"

Gbogbo wọn gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ òkú ni wọn ò gba tiẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ eré ni ọmọ náà ti gbé ife tíì fún bàbá rẹ̀ kí ó tó kú, ọwọ́ òsì ló sì fi gbé e. Ọjọ́ náà, ariwo tó sọ ní pálọ̀ dé títì.

"A kì í fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni," Àlàájì wí. "Ẹni tó wá fi gbé tíì fún bàbá fúnra rẹ̀, kí ni kò lè ṣe? Òun ló pa á. Ẹ jẹ́ kí onífìlà yẹn máa da ara ẹ̀ láàmú."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Súmbọ̀ náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ á máa já, nítorí Gbénró tó fẹ́ fẹ́ ẹ, ọlọ́wọ́ òsì ni.

Ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń tún rédíò ṣe ní Kétu ni Gbénró. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, Àlàájì sì mọ̀. Ó ní òun ò ní tìtorí Ọlọ́run tí gbogbo wọn jọ ń bẹ̀ bá ẹnikẹ́ni jà, ìwà lòun ń wò. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ìyá Gbénró fi aṣọ di ọwọ́ òsì rẹ̀ ní kékeré, títí ó fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀tún jẹun, tí wọ́n ń fi ọ̀tún gba nǹkan. Bó bá wá kan iṣẹ́, ọ̀tún náà kò mọ nǹkan kan. Sátidé tí eré máa parí ni Àlàájì ní kí ó wá gbọ́ èsì ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó náà.

"Má fọwọ́ kan nǹkan kan o," Súmbọ̀ kìlọ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà. "Jẹ́ kí wọ́n fún wa lésì ná."

"Kí n wá máa fi òsì pamọ́ títí a ó fi bímọ?" Gbénró bi í.

Súmbọ̀ fà á wọlé.

Eré dùn dé góńgó. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kó gbogbo wọn jọ sí yàrá kan, ó ní òun ti mọ apànìyàn náà. Bó ṣe ní kí òun nàka sí i báyìí, àwòrán ṣẹ́jú, ó sì kú. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé iná ló lọ, àmọ́ gílóòbù ṣì ń tàn lórí wọn. Ìyá Karimot gbá tẹlifíṣọ̀n létí, kò dáhùn.

Àlàájì yíjú sí Gbénró. "Ṣebí iṣẹ́ ẹ nìyí? Bá wa wò ó."

Súmbọ̀ rọra mi orí sí i pé kó má ṣe é. Gbénró ti dìde ní tiẹ̀. Ó yọ wáyà kúrò lára iná, ó tú ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, ó rí wáyà tín-ín-rín kan tó já kúrò ní àyè rẹ̀. Ó fi ọ̀tún mú un, ó bọ́. Ó tún mú un, ó tún bọ́.

"Onífìlà ti ń sọ ọ́ lọ níbẹ̀ yẹn o," Ìyá Karimot ń dárò.

Gbénró mí kanlẹ̀. Ó fi òsì mú un, wáyà sì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo pálọ̀ ló rí i. Súmbọ̀ kò lè wojú bàbá rẹ̀. Ó rò pé ọ̀rọ̀ òun ti bàjẹ́ nìyẹn.

Nígbà tó dá iná padà sí i, tí àwòrán sì dé, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ti wà lọ́wọ́ dókítà. Súmbọ̀ túmọ̀ fún wọn: dókítà ló fi májèlé sínú oògùn. Ọmọ òkú ló sì ránṣẹ́ pe ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, nítorí pé òun nìkan ni kò gbà pé àmúwá Ọlọ́run ni ikú bàbá òun.

"Ṣé ọ̀tún kọ́ ni dókítà fi gbé oògùn ọ̀hún fún un?" ni Àlàájì béèrè.

"Ọ̀tún ni, Bàbá. Ó tiẹ̀ tẹrí ba."

"Ojú ẹ̀ ti jọ tolè lójú mi tẹ́lẹ̀," Ìyá Karimot wí, kò sì tijú.

Gbénró dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Ọlọ́wọ́ òsì ni mí. Kò wù mí kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́yìn ìgbéyàwó."

Àlàájì wo tẹlifíṣọ̀n, níbi tí ọmọ òkú ti ń dá sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bàbá rẹ̀.

"Mo mà ti ń bú ọmọ ọlọ́mọ yìí tipẹ́ o," ó wí jẹ́jẹ́. "Dìde. Kó àwọn bàbá ẹ wá ní Sátidé tó ń bọ̀, kí wọ́n tètè dé, ká lè jẹun kí eré mìíràn tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀tún ni wàá fi jẹun nílé mi o. Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n yìí, ọwọ́ tó bá mọ̀ ọ́n tún ṣe ni kó máa tún un ṣe."