Òbúkọ Odo-Ape

Oṣù kan. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Dókítà Ọláníran ní, "Ọ̀gbẹ́ni Lájídé, ìgbà wo lẹ ti kíyè sí i?" Kí n tó ronú, ẹnu mi ti dáhùn pé oṣù kan. Oṣù kan wo? Kò bá mi jiyàn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fi bébà náà lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, kí n kà á, kí n buwọ́ lù ú, òun ń bọ̀. Bébà náà nìyí lórí orúnkún mi. Bírò nìyí lọ́wọ́ mi. Mi ò tíì fọwọ́ kan ibi tí wọ́n fàlà sí.

Ìlà mẹ́rin péré ni. Pé èmi gbà kí wọ́n yọ kórópọ̀n mi ti ọ̀tún. Kí wọ́n yọ ọ́... Wọ́n kọ ọ́ bí ẹni pé eyín ni.

Ta ni yóò gbọ́ tí kò ní rẹ́rìn-ín? Èmi, dókítà ẹran ìjọba Kwara. Èmi tí mo ti tẹ òbúkọ lọ́dàá láti Kabba títí dé Ponyan, tí mo ti tẹ àgbò, tí mo ti tẹ akọ màlúù àwọn Fúlàní tí mi ò lè ka iye wọn mọ́. Bí mo bá gun alùpùpù wọ Ògìdì, àwọn obìnrin á bẹ̀rẹ̀: "Okun o, dókítà! Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ di tiyín mú o, ó ti dé!" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó dáa. Ó ti kàn mí wàyí.

Mo mọ ibẹ̀ ju bí mo ṣe mọ yàrá mi lọ. Ìyẹn gan-an ló ń pa mí. Ẹlòmíràn a lè jókòó síbí, kó máa bẹ Ọlọ́run, kó má mọ nǹkan kan. Èmi mọ̀. Mo mọ̀ pé awọ ẹpọ̀n máa ń sún kì nígbà ọyẹ́, á sì rọ̀ wálẹ̀ nígbà ooru, torí pé kórópọ̀n kò fẹ́ kí ara gbóná mọ́ òun. Nítorí náà ni Ẹlẹ́dàá ṣe gbé e síta. Méjì ni. Inú wọn ni irúgbìn ọmọ ti ń hù. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ́ mọ́ ẹ̀yìn ìkọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ni irúgbìn náà ti ń gbó. Lẹ́yìn ìyẹn ni okùn. Okùn kan fún kórópọ̀n kan. Ẹ̀jẹ̀ ń gba inú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, irúgbìn ń gba inú rẹ̀ gòkè lọ sínú ikùn, á yí ẹ̀yìn àpò ìtọ̀ ká, á bá omi mìíràn pàdé níbẹ̀, kó tó di àtọ̀ tó ń jáde. Ọ̀gá mi Thomas ló la àgbò kan tó kú lójú mi, ó fi ọ̀bẹ tọ okùn náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. "Wò ó dáadáa, Lájídé. Bí ti ẹran ṣe rí ni ti ènìyàn rí." Mo ní, tò, ọ̀gá. Mo tún rẹ́rìn-ín. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí rẹ́rìn-ín jù láyé mi.

Ṣé ẹyọ kan tó? Ìyẹn ni mo ń bi ara mi láti ìgbà tí mo ti jókòó. Dókítà ní ó tó. "Ẹyọ kan á bímọ, ẹ fọkàn balẹ̀." Àwọn dókítà! Kí ni wọn ò ní sọ fún èèyàn kó lè buwọ́ lùwé? Èmi náà máa ń sọ fún ẹlẹ́ran pé kò ní dun ẹran.

Agatha wà lábẹ́ máńgòrò lọ́hùn-ún. Mo ń rí i láti ibí. Ó gbé àpò lé ẹsẹ̀, ó ń fi ìborùn dáàbò bo ojú nítorí eruku ọyẹ́. Ìpá ni mo sọ fún un pé ó ń ṣe mí. Ó ní, "Ṣebí ìpá náà ni? Bàbá wa ní in, wọ́n yọ ọ́, ara wọn sì le. Ẹ má jẹ́ kó kó yín láyà sókè." Ọdún mẹ́ta tí a ti fẹ́ra wa, kò sí oyún, kò sí àmì oyún. Ìyá mi ò lè dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi Moses ló ń tù mí nínú: "Ọmọ á dé. Mímì lẹpọ̀n àgbò ń mì, kò lè já." Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yẹn kò tíì rí ẹ̀mú ọwọ́ mi.

Ẹ̀mú... Ẹ̀mú wa kì í gé awọ. Wàá fi àtàǹpàkò wá okùn, wàá tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wàá pa ẹ̀mú dé mọ́ ọn, wàá ka ení, èjì, títí dé ẹẹ́wàá. Okùn á fọ́ nínú, ẹ̀jẹ̀ kò ní sọ̀ kalẹ̀ mọ́, kórópọ̀n á rọ, á gbẹ. Òsì lọ́tọ̀. Ọ̀tún lọ́tọ̀. Bí ó bá yọ̀, ọwọ́ rẹ á mọ̀...

Odo-Ape.

Háà. Òbúkọ Ìyá Monica ní Odo-Ape! Báwo ni mo ṣe gbàgbé? Rárá, mi ò gbàgbé. Mo tì í sẹ́yìn ni. Òjò ṣú lọ́jọ́ náà, mo fẹ́ sáré padà kí ọ̀nà tó bàjẹ́. Mo tẹ tòsì, ó fọ́. Mo tẹ tọ̀tún — okùn yọ̀ lẹ́nu ẹ̀mú. Ọwọ́ mi gbọ́ ọ. Mo dìde, mo nu ọwọ́, mo ní, "Ìyá, ó ti parí." Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ó ránṣẹ́ pè mí. Ewúrẹ́ mẹ́rin ti bí nínú agboolé rẹ̀. Ó mú òbúkọ náà wá síwájú mi, ó ní, "Mo ti fọwọ́ mi tẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀kan gbẹ, ọ̀kan ṣì wà." Mo búra. Mo ní òbúkọ aládùúgbò ló fo ọgbà. Ọ̀rọ̀ yẹn dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti Gbádéyan tó ni òbúkọ kejì. Mo gbọ́ pé wọn ò kíra wọn títí Ìyá Monica fi kú. Mo gun alùpùpù mi, mo lọ.

Ṣùgbọ́n ẹyọ kan tó. Ẹyọ kan! Ọmọ mẹ́sàn-án, gbogbo wọn ló jọ bàbá wọn níwájú orí. Inú mi dùn — Ọlọ́run dárí jì mí, inú mi dùn, lórí bẹ́ǹṣì yìí. Iṣẹ́ tí mo bàjẹ́ ló ń jẹ́rìí fún mi. Dókítà ò parọ́. Wọ́n lè yọ ọ̀kan, Agatha á sì bímọ. Kí n buwọ́ lù ú, kó tán...

Kó tán?

Kí ló dé tí ó fi tẹ ikùn mi? Kórópọ̀n ni mo gbé wá, ikùn ni dókítà tẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ pẹ́. Ó wo ọrùn mi. Ó bèèrè bóyá ẹ̀yìn ń dùn mí, bóyá mo ń wúkọ́, bóyá mo ń rù. Mo ní rárá. Ẹ̀yìn ń dùn mí. Láti ìgbà ìkórè iṣu ló ti ń dùn mí, alùpùpù ni mo ń di ẹ̀bi rẹ̀ rù.

Okùn náà gòkè lọ sínú ikùn. Ọ̀gá Thomas fi ọ̀bẹ tọ̀ ọ́ lójú mi. Bí jẹjẹrẹ bá wà nísàlẹ̀, ó ní ọ̀nà tó lè gbà gòkè. Ẹni tó bá sọ pé oṣù kan, dókítà á rò pé kò tíì rìn jìnnà. Oṣù mọ́kànlá ńkọ́?

Ìgbà tí a ń kọ ebè ni. Mo ń wẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ọwọ́ mi bà á: kókó kan, kò tó wóró ẹ̀gúsí, ó le, kò dunni. Ọwọ́ mi tí ó ti mú ẹgbẹ̀rún wọn. Ká ní àgbò ẹlòmíràn ni, n kò ní jẹ́ kó sùn mọ́jú pẹ̀lú rẹ̀. Mo ní kí oyún kọ́kọ́ dúró ná. Oṣù yìí. Oṣù tó ń bọ̀. Kí n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀bẹ kàn mí... Ìyá mi sì ń gbé àgbo wá nínú ìgò, ó ń sọ pé inú Agatha ni kò mọ́. Mo jókòó síbẹ̀. Mo ní, "Mu ún, kò ní pa ọ́."

Ìró bàtà. Dókítà ló ń bọ̀ láti ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Bébà ṣì wà lórí orúnkún mi. "Oṣù kan" ló wà níbẹ̀, ìwé ọwọ́ rẹ̀ mọ́ gaara.

Agatha ń tú àpò. Ó yọ ìgò kan jáde. Ó gbé e wá síbí, àní síbí, kó má baà pàdánù ti òní. Ó wò ó. Ó di ojú. Ó ń mu ún, ó ń fún ojú pọ̀, ó ń mu ún lọ.

Kò sí ohun tó ṣe ọ́, Agatha; èmi ni. Okùn ló yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, mo sì ní ó ti parí. Mo mọ̀ lọ́jọ́ yẹn ní Odo-Ape. Mo sì mọ̀ lẹ́yìnkùlé, ní oṣù mọ́kànlá sẹ́yìn, kí omi tó gbẹ lára mi.