Kẹ̀kẹ́ Tí Lọ́pẹ́ Gbé Wá

Èmi àti Lọ́pẹ́ kò kí ara wa láti ìgbà ìjà ààlà oko, àmọ́ èmi nìkan ló ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ládùúgbò. Ó gbé ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ eré ìje kan wá sínú ṣọ́ọ̀bù mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣì ń bínú? Ẹ bá mi wo irú kẹ̀kẹ́ tí èyí jẹ́. Èkó ni mo ti rà á."

Mo fi sípánà lu páìpù rẹ̀. Ó dún bí agogo. Irin fẹ́lẹ́ báyìí, ti kẹ̀kẹ́ Jésùtọ́pẹ́ àbúrò mi nìkan ni mo rí rí. Ó gùn ún lọ sí Araromi-Obu, kò padà mọ́.

Mo ha ọ̀dà tuntun abẹ́ ìjókòó. Àgbélébùú tí wòlíì ìjọ wa fi ìṣó fín sí kẹ̀kẹ́ àbúrò mi ṣì wà níbẹ̀.

"Ẹ ti mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́ èmi àti òun, mo sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò.