Ta Ló Ń Jẹun Nílé Ìyá Funfun?

Ẹni tó bá ń fọṣọ fún gbogbo àdúgbò kò lè ṣàìmọ̀ àṣírí àdúgbò. Bí ọ̀rọ̀ Ìyá Funfun ṣe rí nìyẹn. Ó pẹ́ tó ti ń gba aṣọ fọ̀, kò sì sí àpò tí kì í yẹ̀ wò kó tó ki aṣọ bọmi. Ó mọ ọkọ tó ń mu sìgá ní kọ̀rọ̀. Ó mọ ìyàwó tó lọ wo fíìmù nígbà tó ní òun lọ kí ìyá òun. Kì í sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ohun tó ti rí nínú àpò ti kọ́ ọ pé ọmọ aráyé kò ṣeé fọkàn tán.

Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ wá ṣàdéédé di ẹni jẹ́jẹ́ mọ́ lọ́wọ́.

Ọkọ rẹ̀ ń tún lífìtì ṣe, ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn ròkè rodò nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gíga. Ó mọṣẹ́, kì í ṣe ọ̀lẹ, àmọ́ bí epo bẹntiróòlù ló rí: ìṣáná kékeré ti tó o. Bí ilẹ̀kùn bá han, á pariwo. Bí wọ́n bá gbé ṣíbí rẹ̀ kúrò níbi tó fi í sí, á pariwo. Ìyá Funfun náà kì í sì í ṣe ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí kó panu mọ́. Wọ́n á sọ̀kò ọ̀rọ̀ síra wọn, ilẹ̀ á ṣú, wọ́n á sùn. Láti ìgbà tí àwọn ìbejì wọn ti lọ kàwé ní ìlú mìíràn, ariwo yẹn nìkan ló kù tí ilé fi ń dà bí ilé.

Àfi bí ọkùnrin yìí ṣe wọlé lọ́jọ́ kan tí kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan, ó rọra gbé e kalẹ̀, kó tó bọ́ èkejì. Ó ń jẹ ìrẹsì bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ dìídì sọ fún un pé ata ti pọ̀ jù níbẹ̀. Ó ní òun mọ̀ ọ́n lẹ́nu, ó sì ń jẹ lọ. Bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ ló rí títí ọ̀sẹ̀ fi yípo.

Ìyá Funfun yẹ àpò rẹ̀ wò, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ́là ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ ti ya láti ẹ̀yìn lápá òsì, bọ́tìnnì òkè sì ti já dànù. Ó béèrè. Ọkọ rẹ̀ ní irin ló fà á ya. Obìnrin náà gbé ẹ̀wù náà sójú fèrèsé, ó wò ó dáadáa. Ọwọ́ èèyàn ló fa èyí, kì í ṣe irin.

Ó sáré gba ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ onídìrí lọ. Ìyẹn gbọ́ tán, ó fi kóòmù sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ọkùnrin tó ń bá yín jà, ọkàn rẹ̀ ṣì ń bẹ lọ́dọ̀ yín. Èyí tó dákẹ́ ti ríbòmíì sọ̀rọ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ ọ́ lára bí omi ọṣẹ ṣe ń wọ aṣọ. Kò tíì tutù lára rẹ̀ tí oníbàárà kan fi sọ, láìní ibi lọ́kàn, pé òun máa ń rí ọkọ rẹ̀ tó ń wọlé lọ́sàn-án. Lọ́sàn-án, nígbà tí kò sẹ́ni nílé! Ìyá Funfun ní òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni, kò mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, bí oòrùn ṣe kan àtàrí, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó kọrí sílé. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó fetí lélẹ̀kùn. Ohùn ọkọ rẹ̀ ló gbọ́, ohùn tí kò gbọ́ mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ń fẹ́ra sọ́nà.

"Rọra jẹ ẹ́. Kò sẹ́ni tó ń lé ẹ. Èmi náà ò lọ síbì kankan."

Obìnrin mìíràn ń jẹun nínú ilé òun! Ó fa igi ìnulẹ̀ yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì já wọlé. Ọkọ rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé ìdáná, ó ká ẹsẹ̀ kò. Ológbò tí àwọn ìbejì fi sílẹ̀ fún wọn ń jẹ orí ẹja níwájú rẹ̀. Ìyá Funfun kò dúró kí i. Ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, ó padà wá.

"Níbo ló wà?"

"Ta ni?"

"Ẹni tó ò ń bọ́."

Ọkọ rẹ̀ nawọ́ sí ológbò.

Ìgbà náà ló tó là á yé e. Ó ní láàárọ̀ ọjọ́ kan tí àwọn jà nítorí fèrèsé tí òjò gbà wọlé, òun gbé ìjà náà dé ibi iṣẹ́. Òun dúró lẹ́nu ihò lífìtì, òun ń to èsì tí òun máa fún un lálẹ́ jọ sọ́kàn. Òun gbé ẹsẹ̀ láti wọ inú lífìtì, lífìtì kò sì sí níbẹ̀. Baba àgbà kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Apárí, ló gbá kọ́là òun mú. Baba náà ń tẹ̀ lé ẹ̀kọ́ Búdà, olùkọ́ ayé àtijọ́ kan tó máa ń jókòó jẹ́ẹ́. Kò bú òun. Ó kàn béèrè ibi tí òun wà nígbà tí òun gbé ẹsẹ̀. Òun ní ilé lòun wà. Ó wá béèrè bóyá ológbò wà nínú ilé náà, ó ní kí òun máa lọ wò ó. Bó bá ń jẹun, oúnjẹ ló ń jẹ. Bó bá ń sùn, oorun ló ń sùn. Bí nǹkan bá dún, á yí etí síbẹ̀. Bí kì í bá ṣe eku, á padà sùn. Kì í ru eku àná kiri.

"Ó ní ibi tí ara mi bá wà, kí ọkàn mi náà wà níbẹ̀."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

Ọkùnrin náà wolẹ̀. "Ìjà tèmi tìẹ ni mò ń jà lọ́kàn nígbà tí mo fẹ́ kó sí ihò. Mi ò fẹ́ kó o rò pé ìwọ lo tì mí."

Ọ̀rọ̀ náà dun Ìyá Funfun, ṣùgbọ́n ìdajì ló gbà gbọ́. Ó tọ Apárí lọ níbi iṣẹ́. Ó béèrè ọwọ́ tó fi gbá kọ́là mú. Baba na ọwọ́ òsì, apá òsì náà sì ni kọ́là ti ya. Ó tún béèrè ohun tí àwọn tó ń tẹ̀ lé ẹ̀kọ́ Búdà ń mu àti irú ìbúra tí wọ́n ń ṣe. Baba rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí ìbúra. Èèyàn á jókòó, á máa mí, á sì mọ̀ pé òun ń mí.

"Ta ni kì í mí?" Ìyá Funfun bi í.

"Gbogbo wa là ń mí, ìyá. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀ ń mí nígbà tẹ́ ẹ̀ ń bọ̀?"

Ìyá Funfun pẹ̀yìn dà, ó gbọ̀nà ilé lọ.

Lọ́jọ́ ìsinmi, ó jókòó ti ológbò náà kó lè mọ ibi tó ti ń tan ọkọ òun jẹ. Ológbò ń lá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń lá àárín ọmọ ìka kọ̀ọ̀kan. Ìyá Funfun ń wò. Nígbà tó yá, ó ṣàkíyèsí pé òun kò tíì ronú nípa àṣírí ẹnikẹ́ni láti ìgbà tí òun ti jókòó. Ẹ̀rù bà á, ó dìde wéré.

Ó wá pinnu láti dán ọkùnrin náà wò. Ó gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn jù títí ó fi jóná, ó sì gbé e wá fún un.

Ojú ọkùnrin náà pọ́n. "Ṣé ojú rẹ ti fọ́ ni? Àbí iṣẹ́ tó ò ń ṣe láti..." Ó dúró lójijì. Ó mí kanlẹ̀.

"Inú ń bí mi," ó ní. "Inú ń bí mi gan-an."

Ó jókòó. Ìyá Funfun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí látọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra. Alábòsí kì í kọ́kọ́ pariwo. Ẹni tó pariwo tó sì dúró láàárín, ó ní láti jẹ́ pé òótọ́ ni. Ẹ̀rín bú yọ lẹ́nu rẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ pé òun mọ̀ọ́mọ̀ jó o ni. Ìbínú ọkọ tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, òun náà dá a padà, wọ́n jà dáadáa. Ṣùgbọ́n omi tíì tí wọ́n gbé kaná kò tíì hó tí ìjà fi parí.

Láti ìgbà náà, àwọn méjèèjì ló ń wálé lọ́sàn-án. Ìyá Funfun sọ fún àbúrò rẹ̀ pé òun kò bá Búdà kankan ṣe o, òun kàn ń lọ ṣọ́ àwọn méjèèjì ni, ọkọ àti ológbò. Àbúrò béèrè ohun tó rí. Ó ní òun kò tíì rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n òun máa lọ lọ́la.