Sẹ́ńsọ̀ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Wọ̀n Wò

Ọjọ́ kẹta rèé tí Moufoutaou ti ń fẹ̀yìn lélẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ kan ṣoṣo, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti mọ gbogbo òkúta tó wà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Abobo Gare níkọ̀ọ̀kan. Àìsàn ọkọ̀ náà kò ṣòro ròyìn. Bí ó bá tutù, a máa rìn dáadáa. Bí ó bá ti rìn tó ogún ìṣẹ́jú, abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ó ṣe ń sáré sí yóò já wálẹ̀ sórí òdo, ọkọ̀ yóò ta gìrì, jíà yóò sì há sí ẹẹ́ta. Kò ní gòkè, kò ní sọ̀.

Mùkàrámà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ló ni ín. Òun ló fi ń gbé èrò láti pápákọ̀ òfurufú Port-Bouët wọ ìgboro. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, báàgì rẹ̀ lórí itan, bí ẹni tó ń dúró de dókítà.

"Ìyá Akim," ni Moufoutaou wí láti abẹ́ ọkọ̀, "ẹ ò bá lọ sinmi nílé."

"Ilé ni mo ti ń bọ̀. Bàbá Fadila, ẹ sọ fún mi tààrà: ṣé àpótí jíà ló kú? Tó bá jẹ́ òun ni, màá ta irin yìí fáwọn tó ń tú ọkọ̀ lọ́sàn-án yìí, màá sì wọ ọkọ̀ Cotonou lọ bá Akim ọmọ mi. Ó ní yàrá wà fún mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá ìyàwó òun."

"Ìyá ìyàwó rẹ̀!"

"Ẹ tún gbọ́? Yakó, ẹ kú ìrọ́jú, ló yẹ kẹ́ ẹ kí mi, kì í ṣe ẹ̀rín."

Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu Moufoutaou. Ó wọ́ ara rẹ̀ jáde, ó jókòó sílẹ̀, ó sì tún ọ̀rọ̀ náà rò láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé irin inú àpótí jíà ló ti jẹ, kò yẹ kó máa dúró de ooru kó tó hàn. Bí ó bá jẹ́ òróró, ó ti pààrọ̀ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ wáyà, ó ti wọ̀n ọ́n láti orí dé ìdí. Ẹ̀rọ ayẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní valise kò sì yí ohùn padà láti ìjẹta: sẹ́ńsọ̀ ni, ìyẹn ohun kékeré bí àtàǹpàkò tó ń ka bí àpótí jíà ṣe ń yí, tó sì ń ròyìn rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Ṣùgbọ́n Moufoutaou ti pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nítorí náà ló ṣe gbà pé valise ló ń purọ́.

Níbẹ̀ ni àṣìṣe rẹ̀ wà, kò sì ti inú àìmọ̀ wá. Ọ̀dọ̀ Lúkmánì ní Adjamé ló ti ra sẹ́ńsọ̀ náà ní àlòkù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tirẹ̀ sì ni Lúkmánì. Àdúgbò kan náà ni àwọn bàbá wọn ti gbéra wá sílẹ̀ onífaransé yìí. Láàrin wọn, ẹni tó bá gbé míta, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn iná wáyà, lé ọjà tí ọmọ ìlú rẹ̀ fà lé e lọ́wọ́ ti pe onítọ̀hún lólè. Ogún ọdún ni Moufoutaou ti ń ra ọjà bẹ́ẹ̀. Kò wọn ọ̀kan wò rí.

Ó wo obìnrin tó wà lórí bẹ́ǹṣì. Ó ti rẹ Moufoutaou débi pé ìtìjú pàápàá kò ráyè nínú rẹ̀ mọ́. Ó tú bóòtù kan, ó yọ sẹ́ńsọ̀ náà, ó gbé míta lé e. Cinq cent soixante, ìyẹn ọgọ́ta lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ó pé. Ọkàn rẹ̀ ti fẹ́ balẹ̀ kó tó rántí pé kì í ṣe ìgbà tí ọkọ̀ bá tutù ló ń ṣàìsàn. Ó fi ọ̀rá wé sẹ́ńsọ̀ náà, ó rì í sínú omi gbígbóná, ó sì ń wo míta. Nọ́ńbà náà gbọ̀n, ó fò sókè, ó sì pòórá. Wáyà tín-ín-rín inú rẹ̀ ti já. Bí ó bá tutù, ẹnu rẹ̀ méjèèjì á fara kanra, bí ó bá gbóná, wọ́n á tú ká.

Ó pe Lúkmánì lórí fóònù. Kò pé wákàtí kan tí ìyẹn fi dé, pẹ̀lú àpò léjìká.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wọn ọjà mi?"

"Mo wọ̀n ọ́n."

"Lójú oníbàárà?"

"Lójú wọn. Ó ti kú, Lúkmánì. Wò ó fúnra rẹ."

Lúkmánì wo míta títí, ó sì jókòó sórí táyà kan. "Tchié! Èmi náà ò wọ̀n ọ́n. Bàbá Àrìmíyàù ní Treichville ló kó o fún mi. Ta ló máa gbé míta lé ọjà Bàbá Àrìmíyàù?"

"Ọwọ́ ta ni àwọn náà ti rà á?"

"Ọwọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn."

"Ó dáa," ni Mùkàrámà wí. "Gbogbo yín fọkàn tán ara yín, èmi ni mo wá há sí jíà kẹta."

Lúkmánì tú àpò rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ mẹ́ta ló kó wá. Òun fúnra rẹ̀ ló da omi gbígbóná sínú abọ́. "Ẹ wọ̀n wọ́n," ló wí, kò wojú Moufoutaou. Nọ́ńbà èkíní pòórá bíi ti ìṣáájú. Èkejì gbọ̀n, ó pòórá. Ẹ̀kẹta gbóná, nọ́ńbà rẹ̀ sì dúró. Wọ́n fi í sílẹ̀ títí omi fi tutù, wọ́n tún da òmíràn sí i, ó ṣì dúró. Òun ni Moufoutaou fi sínú ọkọ̀. Lúkmánì kó méjì tó ti kú àti ti ìṣáájú sínú àpò, ó ní òun ń lọ sí Treichville, ohùn rẹ̀ sì dà bíi ti ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ jẹ́.

Mùkàrámà ló wakọ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ dán an wò, Moufoutaou jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n gba ọ̀nà Anyama, wọ́n padà, wọ́n tún lọ. Ogún ìṣẹ́jú kọjá. Ọgbọ̀n kọjá. Moufoutaou di ìjókòó mú, ó ń dúró de gìrì náà. Jíà kúrò ní ẹẹ́ta, ó bọ́ sí ẹẹ́rin, abẹ́rẹ́ kò mira.

"Màá pe Akim," ni Mùkàrámà wí. "Màá ní kó fi yàrá yẹn gba ẹlòmíì lálejò. Bàbá Fadila, ṣé mo lè gbé èrò lọ́la?"

Ó yíjú wò ó: Moufoutaou ti sùn lọ, ẹnu rẹ̀ là, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣì di ìjókòó mú. Mùkàrámà kò jí i. Ó rọra wakọ̀ náà wọ Anyama lẹ́ẹ̀kẹta.