Ife Kẹta Lórí Àtẹ

Agogo mẹ́rin ọ̀sán ni àwa àgbà máa ń wọ kíláàsì, nígbà tí àwọn ọmọ iléèwé bá ti lọ tán. A ó ká orúnkún wa sábẹ́ tábìlì wọn kéékèèké, a ó sì kọjú sí pátákó. Oṣù keje tí mo ti ń kọ́ ìwé nìyẹn. Lẹ́yìn tí a sin ọkọ mi ni mo forúkọ sílẹ̀, nítorí ó fi àpótí kan tí ìwé kún inú rẹ̀ sílẹ̀, mi ò sì lè ka ẹyọ kan nínú wọn.

Lọ́jọ́ kan, Tíṣà ní kí oníkálùkù lọ ka iye ohun kan nílé tàbí níbi iṣẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ méje.

"Ohun tí ẹ máa ń rí lójoojúmọ́ tí ẹ ò kà rí," ni ó wí. "Ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ kọ, kì í ṣe ohun tí ẹ rò. Bí ẹ bá ṣì í kọ, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ fa ìlà kan gba àárín rẹ̀, kí ẹ kọ èyí tó tọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí á lè máa rí méjèèjì."

Onígbàjámọ̀ tó ń jókòó lẹ́yìn mi ní òun á ka orí tí òun bá gé.

"Tí apárí bá wọlé ńkọ́?" ni mo bi í.

"Ìdajì ni màá kọ fún un, Màmá."

Èmi ní tèmi, mo ní màá ka ife. Ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń fọ ife wa, màá nù wọ́n gbẹ, màá sì dojú wọn dé sórí tíréè. Tí mo bá yẹ̀ wọ́n wò ní agogo mẹ́jọ àárọ̀, èyí tí inú rẹ̀ bá tutù, ẹnìkan ti lò ó nìyẹn. Mo kọ ọ́ sókè ìwé mi pé: Iye ènìyàn nínú ilé, 2. Èmi àti ọmọbìnrin mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ni. Ife mẹ́ta ló wà lórí tíréè: tèmi, tirẹ̀, àti ti bàbá rẹ̀, ife onírin funfun tí etí rẹ̀ ti họ. Mi ò tíì lè fi í tọrẹ.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, mo ki ìka bọ ife ọkọ mi. Omi wà nídìí rẹ̀.

Káfíńtà ni ọkọ mi. Kó tó gbé ayùn rẹ̀ láàárọ̀, yóò dúró ti ìkòkò omi, yóò fi ife yẹn mu omi láìmí.

Ẹ̀rù rẹ̀ kọ́ ló bà mí. Ọmọ mi ni mo ń bẹ̀rù. Ó ti ń ṣọ́ mi láti ọjọ́ tí mo ti da iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí mo sì ní kó lọ pe bàbá rẹ̀ wá jẹun.

"Màmá, ilé yìí ò bá yín lára mu mọ́," ni ó sọ fún mi. "Mo ti bá ẹ̀gbọ́n yín sọ̀rọ̀. Tí oṣù bá parí, a ó dá kọ́kọ́rọ́ padà fún onílé, ẹ ó sì lọ máa gbé lọ́dọ̀ wọn."

Mi ò sì fẹ́ lọ. Ọkọ mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ kan gbogbo ilẹ̀kùn ilé wa. Bí ọmọ mi bá wá gbọ́ pé mò ń fi ife òkú mu omi tí mi ò sì mọ̀, ọjọ́ náà ni yóò di ẹrù mi.

Síbẹ̀, Tíṣà ní ohun tí a bá rí ni. Mo fa ìlà mẹ́ta, ọ̀kan fún ife kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mẹ́ta. Lọ́jọ́rú, mẹ́ta. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú mo da aṣọ bo tíréè náà. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, aṣọ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tíréè, ó ti di kíká sí mẹ́rin, igun lé igun, bí ọkọ mi ṣe máa ń ká aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo tún fa ìlà mẹ́ta.

Nígbà tí ọjọ́ méje pé, Tíṣà kọ́ wa bí a ṣe ń sọ ìlà di òpó. A fi máàkà kun òpó wa sórí páálí, a gbé e kọ́ sára ògiri, a sì pe àwọn ará ilé wa wá wò ó. Òpó onígbàjámọ̀ ga lọ́jọ́ Àbámẹ́ta bí òkè. Tèmi tẹ́ pẹrẹsẹ, òpó méje tó dọ́gba.

"Kí ni àtẹ yìí ń sọ fún wa?" ni Tíṣà béèrè.

"Ó ń sọ pé ènìyàn méjì ń fi ife mẹ́ta mu omi," ni onígbàjámọ̀ dáhùn. "Màmá, àlejò wo lẹ ń fi pamọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Ó rìn wá, ó fi ìka kan òpó àkọ́kọ́.

"Èmi ni," ni ó wí. "Tí mo bá ti mu tíì tán nínú ife mi, mo máa ń fi ti Bàbá mu omi kí n tó jáde. Mi ò fẹ́ kí Màmá mọ̀."

Ara mi rọ̀ pẹ̀sẹ̀. Orí mi pé.

"Ṣé lójoojúmọ́ ni?" Bí Tíṣà ṣe máa ń bi gbogbo wa nìyẹn.

"Rárá o. Ọjọ́ tí mo bá ní iṣẹ́ àárọ̀ nìkan." Ìka rẹ̀ kan Ọjọ́ Ajé, ó fo Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó kan Ọjọ́rú, ó fo Ọjọ́bọ̀, ó kan Ọjọ́ Ẹtì, ó sì dúró. Ó ku òpó mẹ́rin. Ó wo ojú mi. "Ẹ̀yin ni, Màmá?"

"Èmi kọ́."

Onígbàjámọ̀ tẹ orí ba. Ọmọ mi súnmọ́ mi títí èjìká rẹ̀ fi kan tèmi.

"Láwọn ọjọ́ tèmi gan-an," ni ó wí jẹ́jẹ́, "inú ife náà ti máa ń tutù kí n tó bu omi sí i. Ìdí tí mo fi ní kí á kó kúrò nìyẹn. Kì í ṣe orí yín. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

"Kí ló wá dé tí o fi ń mu nínú rẹ̀?"

"Kí Bàbá má baà máa dá nìkan mu ú."

Mo gba máàkà lọ́wọ́ Tíṣà. Mo na ọwọ́ sókè páálí mi, níbi tí mo tún kọ iye ènìyàn inú ilé wa sí. Mo fa ìlà kan gba àárín 2, mo sì kọ 3 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo wá dúró, mò ń retí kí ọmọ mi ní kí n pa á rẹ́.

Ó gba máàkà náà lọ́wọ́ mi, ó dé e.

"Màá sọ fún onílé pé a ò kó mọ́," ni ó wí.