Ogbe Ọ̀gá Ń Pọ́n

Ẹni tó ta àwọn òròmọdìẹ náà fún télọ̀ búra pé abo ni gbogbo wọn. Abo ni télọ̀ sì ń wá, kí ọmọ rẹ̀ obìnrin lè máa rí ẹyin jẹ. Àkùkọ kò sí nínú àdéhùn òun àti bàbá onílé. Ìyàwó bàbá náà ń ṣàìsàn, ìgbà tí ilẹ̀ bá fẹ́ mọ́ nìkan ni oorun ń gbé e lọ. Bàbá ti là á mọ́lẹ̀ fún gbogbo ayálégbé pé ọjọ́ tí òun bá gbọ́ igbe àkùkọ nínú ọgbà òun, kí ẹni tó ni ín palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Onígbàjámọ̀ tó ń gbé yàrá kejì rò pé àwàdà ni. Aláǹtakùn ló ń gbé yàrá náà báyìí.

Télọ̀ kò sì ní ibòmíràn. Yàrá yẹn ló ń sùn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú rẹ̀ ni ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà, ibẹ̀ ni àwọn oníbàárà mọ̀ ọ́n sí. Ó wá ilé títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú kó tó rí i. Gbogbo ibi tó dé, wọ́n á ní ọkọ rẹ̀ dà.

Nígbà tí àwọn adìẹ náà kéré, bákan náà ni gbogbo wọn rí. Ìgbà tí ìyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í hù ni ìdààmú dé. Ọ̀kan dàgbà ju àwọn yòókù lọ, ó ń lé wọn nídìí oúnjẹ, ọmọ télọ̀ sì sọ ọ́ ní Ọ̀gá. Èyí tí Ọ̀gá ń fẹnu ṣá jù, tí kì í kúrò ní kọ̀rọ̀, ló sọ ní Onítìjú.

"Màmá, ẹ wo Ọ̀gá," ni ọmọ náà wí lọ́jọ́ kan. "Ó ti dé fìlà pupa!"

Télọ̀ sún mọ́ ọn, ó wò ó. Ogbe ń pọ́n lórí Ọ̀gá lóòótọ́. Kíá, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń sin adìẹ lórí fóònù.

"Má wo ogbe, jàre," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Abo tó bá fẹ́ yé, ogbe tiẹ̀ náà á pọ́n. Ìyẹ́ ọrùn ni kó o wò. Tí orí ìyẹ́ náà bá ṣe ṣóńṣó, akọ ni. Tó bá ṣe roboto, abo ni. Ṣá fara balẹ̀ o."

Ta ló fẹ́ fara balẹ̀? Télọ̀ mú Ọ̀gá, ó tú ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ wò. Adìẹ náà ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹ́ náà kọ́kọ́ ṣe roboto lójú rẹ̀. Ó tún un wò, ó ṣe ṣóńṣó. Nígbà tó máa wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, yàrá onígbàjámọ̀ nìkan ló ń rí. Ó rán ọmọ lọ ra òwú, ó sì lọ mú ọ̀bẹ.

Ìgbà tó la ikùn adìẹ ló rí wọn: ẹyin wẹ́wẹ́ pupa rẹ́súrẹ́sú, ńlá àti kékeré, tò síbẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Ọ̀kan tiẹ̀ ti ní èèpo. Télọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ẹyin tó ń wá náà nìyẹn, òun fúnra rẹ̀ ló fọ̀bẹ ṣí i.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé Ọ̀gá ló ń pa ẹlòmíràn lẹ́nu mọ́. Bí kò ṣe sí Ọ̀gá mọ́, Onítìjú jáde ní kọ̀rọ̀. Ó jẹun yó, ó na ọrùn, ó gbọn ara rẹ̀. Télọ̀ wo ọrùn náà, ìyẹ́ ibẹ̀ gùn, ó ṣe ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́. Kò tún lè gbé ọ̀bẹ mọ́ lọ́jọ́ náà. Ilẹ̀ ti ṣú, kò sí ọkọ̀ tó lè gbé òun àti adìẹ náà dé ilé ẹ̀gbọ́n mọ́. Ó fi apẹ̀rẹ̀ dé Onítìjú mọ́lẹ̀ nínú yàrá, ó kó aṣọ lé e lórí, ó sì ń bẹ Ọlọ́run kí ilẹ̀ má tètè mọ́.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí Onítìjú fi kọ. Ohùn náà há, kò já gaara, àmọ́ àkùkọ kọ. Télọ̀ gbọ́ bàtà bàbá onílé pà, pà, pà lọ́dẹ̀dẹ̀. Ó ṣílẹ̀kùn kí bàbá tó kàn án.

"Télọ̀, kí ni mo gbọ́ yẹn?"

Ó fara dí ẹnu ọ̀nà. "Èmi ni, bàbá. Mo... mo fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún ni."

Ọmọ náà ń hanrun lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ìwọ?"

"Èmi ni, sà."

"Ó dáa. Kọ ọ́ kí n gbọ́."

Ìyá ọlọ́mọ tí àwọn àgbà ń bẹ̀ kó bá wọn tètè rán aṣọ, ó di férémù ilẹ̀kùn mú, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó kọ. Ẹ̀rù ló bá a kọ ọ́, ó sì dún débi pé bàbá fẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Ẹ̀rín fẹ́ já a lẹ́nu. Ìyàwó rẹ̀ pè láti yàrá pé kí nìyẹn.

"Kò sí nǹkan kan," ni bàbá dáhùn. "Télọ̀ ni, orí ẹ̀ ti fẹ́ dàrú." Ó yí padà, ó ń lọ.

Onítìjú lábẹ́ aṣọ rò pé àkùkọ mìíràn ló ń pe òun níjà. Ó na ohùn, ó dá a lóhùn, ó sì já gaara lọ́tẹ̀ yìí.

Bàbá dúró. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀ nígbà tó yíjú padà. Kò pariwo. Ó kàn na ọwọ́.

"Kọ́kọ́rọ́ dà?"